Bí ẹ ṣe lè fi òpin ọ̀sẹ̀ kan kí òbí àti ọ̀rẹ́ àtijọ́ n'Ìbàdàn láti Èkó

Òpin ọ̀sẹ̀ kan kò tó kí Ìbàdàn tán. Ẹni tó bá fẹ́ fi Sátidé àti Sọ́ńdè kí bàbá àti ìyá, kó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá, kó yà sọ́dọ̀ àbúrò bàbá, kó rí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé, kó tún lọ ya fọ́tò nídìí Cocoa House, ara ríro nìkan ni yóò gbé padà sí Èkó. Àwọn tó kí gan-an yóò máa sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé kò jókòó. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ mú ilé kan, kí ẹ mú ọ̀rẹ́ kan, kí ẹ sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àkókò gígùn tí ẹnikẹ́ni kò ní dí yín lọ́wọ́. Ètò ọkọ̀, ẹ̀bùn àti oúnjẹ tí mo fẹ́ tò kalẹ̀ yìí, torí kí èyí lè ṣeé ṣe ni.

Ìrìn Èkó sí Ìbàdàn ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí òun ni ọ̀pọ̀ wa ń rìn jù. Ẹni tó ń lọ sí Abẹ́òkúta tàbí Ìjẹ̀bú-Òde lè mú èyí tó bá tirẹ̀ mu níbẹ̀.

1. Ẹ yan ọjọ́ tó dáa

Bó bá jẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ lẹ fẹ́ gbà, ẹ sá fún òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Alẹ́ Fúráìdè àkọ́kọ́ ni ìjọ Rìdíìmù máa ń ṣe ìsìn Holy Ghost ní Redemption City, etí ọ̀nà yẹn gan-an. Bí ilẹ̀ Sátidé bá sì ti mọ́, ìjọ Orí Òkè Iná tún ń ṣe tiwọn ní Prayer City ní ìtòsí Ìbàfò. Ẹni tó bá kó sí àárín méjèèjì á fi wákàtí tó yẹ kó lò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ka táyà ọkọ̀ tó wà níwájú. Oṣù Ògọ́ọ̀sì tí Rìdíìmù ń ṣe àpéjọ ọdọọdún wọn tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yọ Iléyá àti Kérésìmesì náà kúrò, àyàfi bó bá jẹ́ pé ọdún gan-an lẹ fẹ́ lọ ṣe. Owó ọkọ̀ á ti fò sókè, ilé á kún, kò sì ní sí ẹni tó máa ráyè gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ.

Kí ẹ tó ra tikẹ́ẹ̀tì, ẹ bi àwọn òbí bóyá wọ́n ní òde ní Sátidé náà. Ìyá tó ti ra aṣọ ẹbí kò ní torí yín jókòó sílé, kò sì yẹ kí ẹ retí rẹ̀. Bó bá ní òde, ẹ lè sún ìrìn náà síwájú, tàbí kí ẹ mú aṣọ kan dání kí ẹ bá a lọ. Èmi kì í kó òde dànù o. Ẹbí mẹ́fà tẹ́ ẹ ò bá máa wá nílé-nílé, abẹ́ àgọ́ kan ni wọ́n á jókòó sí, ẹ ó kí wọn tán láàárín wákàtí kan, ìrẹsì á sì tún wà níbẹ̀.

2. Ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa sọ fún

Àárín ọ̀sẹ̀ náà ló dáa jù láti pe àwọn òbí. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀, gbogbo agbo ilé á ti gbọ́, kálukú á sì ti ní ohun tó ń retí lọ́wọ́ yín. Bí ẹ kò bá sì sọ rárá, tẹ́ ẹ kàn yọ sí wọn lójijì, ẹ lè bá ìlẹ̀kùn ní títì. Àgbàlagbà kò fẹ́ràn kí ọmọ wá bá òun nígbà tí kò sí ẹran nínú ìkòkò. Ẹ sọ iye ẹni tó ń bọ̀, ẹ sọ àkókò tẹ́ ẹ rò pé ẹ ó dé, kí ẹ sì dárúkọ oúnjẹ kan ṣoṣo tó ń wù yín. Ẹni tó bá sọ fún ìyá rẹ̀ pé "ohunkóhun tẹ́ ẹ bá sè" ti rán an lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mẹta nìyẹn.

Ẹ pe ọ̀rẹ́ lọ́tọ̀, kí ẹ sì dá ọjọ́, wákàtí àti ibi tẹ́ ẹ máa pàdé. "Mo ń bọ̀ n'Ìbàdàn, a ó ríra" kì í ṣe àdéhùn. Tí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ẹ lè padà sí Èkó láìfojú kan ara yín.

Bó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, iṣẹ́ kékeré kan wà tí kò yẹ kẹ́ ẹ fò. Ẹ wá ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n báyìí, kí ẹ bi í bí nǹkan ṣe ń lọ nílé ọ̀rẹ́ náà: ṣé àwọn òbí rẹ̀ wà, ṣé òun àti ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ ṣì jọ wà, ṣé ó ti bímọ. Ẹ ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó rẹ́rìn-ín béèrè pé "Màmá ńkọ́?" lọ́wọ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Bí ẹ bá gbọ́ pé òfò ti ṣẹ̀ tẹ́ ẹ kò sì sí níbẹ̀, kì í pẹ́ jù láti sọ pé "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Òun ni kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín, kí ẹ tó sọ ohun mìíràn. "Ẹ kú ewu ọmọ" náà kò ní ọjọ́ tó ń kásẹ̀ nílẹ̀, kódà bí ọmọ ọ̀hún bá ti ń sáré kiri.

Ó wá ku àwọn ẹbí yòókù. Ìyá yín máa béèrè dandan pé, "Ṣé o ò ní yà kí bùrọ̀dá rẹ ní Mólété ni?" Ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ẹ pe bùrọ̀dá náà láti pálọ̀, ẹ tan ohùn fóònù sókè, kí ìyá yín gbọ́ bí ẹ ṣe ń kí i, kí òun náà dá sí i. Ẹlẹ́rìí ti wà, kò sí ẹni tó máa sọ pé ẹ wá sílùú ẹ kò ka òun sí. Ẹnì kan ṣoṣo tí fóònù kò tó fún ni Mọ́gàjí, olórí agbo ilé, bó bá jẹ́ inú agbo ilé ní Ìbàdàn àtijọ́ ni ilé yín wà, bí Ọ̀jẹ̀, Bẹẹrẹ tàbí Ọjà Ọba. Ẹ yà kí wọn kí ẹ tó máa rìn kiri àdúgbò. Wọ́n á ṣàdúrà, ẹ ó fi owó obì sílẹ̀, ẹ ó máa bá tiyín lọ.

3. Ọkọ̀: ibi tẹ́ ẹ ń lọ ló máa yàn án

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé rélùwéè àti bọ́ọ̀sì, èwo ló dáa jù. Èsì mi ni pé, apá ibo n'Ìbàdàn?

Ibùdókọ̀ rélùwéè Ìbàdàn, tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè, Mọ́níyà ló wà, ní ìparí ìlú lápá àríwá. Bí ilé yín bá wà ní Òjóò, Agbowó, Bódìjà, Sángo tàbí Mọ́kọ́lá, rélùwéè tọ́ sí yín. Bó bá jẹ́ Challenge, Ring Road, Mólété tàbí Òkè-Àdó ni, òdìkejì ìlú lẹ máa bọ́ sílẹ̀ sí. Ẹ ó tún wọ ọkọ̀ gba àárín Ìbàdàn kọjá, ẹni tó bá sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní ọ̀sán Sátidé kò ní fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀sì tó ń já èrò ní Challenge ni kó wọ̀.

Àwọn tó ń lọ rélùwéè: ọ̀nà irin yìí gùn tó kìlómítà 157, oṣù Òkúdù 2021 ni wọ́n ṣí i. Ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Alágọ́mejì, l'Ẹ́bùté Mẹ́ta, ni ọ̀pọ̀ ti ń wọ̀ ọ́. Àwọn ará Agége ní tiwọn nítòsí, èyí tí wọ́n fi orúkọ Fáṣọlá pè. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti ra tikẹ́ẹ̀tì, ní ojúlé Nigerian Railway Corporation. Ẹ ra ti àlọ àti ti àbọ̀ pọ̀, nítorí ti Fúráìdè àti Sọ́ńdè ló kọ́kọ́ máa ń tán. Orúkọ tẹ́ ẹ fi rà á gbọ́dọ̀ bá ti káàdì ìdánimọ̀ yín mu, ẹ sì mú káàdì náà dání. Ẹ wo àkókò tí ọkọ̀ ń gbéra ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, torí wọ́n máa ń yí i. Ẹ dé ibùdókọ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, nítorí wọ́n ń yẹ ẹrù wò, wọ́n sì ń ti ẹnu ọ̀nà kí ọkọ̀ tó ṣí. Rélùwéè kì í dúró de èrò kó tó kún bíi ti gáréèjì. Yóò gba Abẹ́òkúta kọjá, níbi ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Làdérìn. Ẹ wá ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ní Mọ́níyà, àwọn awakọ̀ tó dúró sẹ́nu géètì á ní kí ẹ wá gba dírọ́ọ̀pù. Bí ẹrù yín bá pọ̀, tàbí tí ọmọ kékeré wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ ná owó rẹ̀ tán kí ẹ tó gbé báàgì wọlé. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni, ẹ jáde sí títì, ẹ wọ tákísí màíkírà lọ sí Òjóò, kí ẹ tún ọkọ̀ wọ̀ níbẹ̀. Láti Òjóò lẹ ti lè rí ti Sángo àti Mọ́kọ́lá tó gba iwájú Yunifásítì kọjá, ẹ sì tún lè rí ti Ìwó Róòdù.

Àwọn tó ń lọ bọ́ọ̀sì: inú gáréèjì ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́, ní Bẹ́gà tàbí Ọjọ́tà. Ọkọ̀ tó bá ń pe "Ìbàdàn kù ẹnì kan" létí títì, tí àwọn ọkùnrin ti kún inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. Ọ̀nà tí àwọn one chance ń gbà múni nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sẹ́nì kan nílé. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti máa já yín kí ẹ tó sanwó, nítorí "Ìbàdàn" lẹ́nu kọ́ńdọ̀ lè jẹ́ Challenge, ó lè jẹ́ Ìwó Róòdù, ó sì lè jẹ́ Òjóò. Tí ẹ bá lè fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sán Fúráìdè, ẹ jáde kí ó tó di aago méjì; lẹ́yìn ìgbà yẹn, Bẹ́gà á ti dí. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ sùn, kí ẹ gbéra ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí Sátidé.

Ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ tirẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó yẹ̀ wò. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un: ẹ má ṣe wà á lóru, pàápàá ní agbègbè Ògèrè tí àwọn tírélà ń dúró sí.

4. Ẹrù

Báàgì kan tẹ́ ẹ lè dá gbé. Aṣọ ìbílẹ̀ kan ṣe pàtàkì, bí kò bá tilẹ̀ sí òde, nítorí wọ́n lè mú yín lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, wọn ò sì ní fẹ́ kí ẹ wọ ṣòkòtò jín-ìnsì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ mú páwá báǹkì. Ẹ mú owó ṣẹ́ńjì dáadáa, torí kò sí bí ẹ ṣe máa ṣe tíránsífà fún ọmọ ọdún márùn-ún tó wá kí yín.

5. Ẹ̀bùn àti owó

Ẹni tó ti Èkó dé, ọwọ́ rẹ̀ làwọn ọmọdé kọ́kọ́ ń wò. Búrẹ́dì Agége ti yanjú ìyẹn tipẹ́. Ẹ ra méjì tàbí mẹ́ta, èyí tí kò tíì dé inú ọ̀rá tó ń làágùn, kí ẹ má sì tò ó sábẹ́ báàgì. Ẹ fi bísíkíìtì díẹ̀ kún un.

Fún àwọn òbí, ohun tí wọ́n ń lò ló dáa ju ohun tí wọ́n máa fi hàn ènìyàn. Ẹ bi wọ́n lórí fóònù pé, "Kí ló kù yín kù?" Wọ́n á ní kò sí. Ẹ bi àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, òun ló máa sọ òótọ́: bóyá tọ́ọ̀ṣì ti bàjẹ́, bóyá bàbá ti ń pín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí méjì kó má bàa tètè tán. Ẹ ra ìyẹn wá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, irú èyí tí a ń dè mọ́ apá, wúlò ju aago ara ògiri lọ, bí wọ́n bá ní ẹni tó máa kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ̀yin náà lè kọ́ wọn ní alẹ́ Fúráìdè.

Owó ní bí a ṣe ń fún àgbà. Ẹ fi owó ọbẹ̀ lé ìyá lọ́wọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dé, nítorí òun ló máa ná an. Owó tó jẹ́ ti ara wọn, ẹ dá a dúró di òwúrọ̀ Sọ́ńdè, kí ẹ sì fún bàbá lọ́tọ̀, kí ẹ fún ìyá lọ́tọ̀, láìjẹ́ kí ọ̀kan mọ iye tó dé ọwọ́ èkejì. Ẹ má ṣe fi ti ìyá rán bàbá. Mi ò sọ pé bàbá kankan jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ o, àmọ́ ẹ má ṣe é.

Kí ẹ tó kúrò l'Èkó ni kí ẹ ti mọ iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́: ọkọ̀, ẹ̀bùn, owó òbí, owó obì, oúnjẹ pẹ̀lú ọ̀rẹ́, àti díẹ̀ fún àwọn tẹ́ ẹ kò rò. Ẹ dì í sọ́tọ̀tọ̀ nínú àpòòwé. Ojú á máa tì yín láti sọ pé kò sí, tí owó gbogbo bá wà nínú àpò kan ṣoṣo.

6. Alẹ́ Fúráìdè àti ìdájí Sátidé: ti òbí ni

Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ "ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn" tán, ẹ mu omi. Ẹ jẹun kí ẹ tó máa to ẹrù. Ẹ má ṣe jáde mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ìbáà ṣe ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tó ti ń pè yín láti ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá dé tó sì jáde lójú ẹsẹ̀ ti sọ ilé dilé àlejò.

Àwọn arúgbó kì í sùn pẹ́. Ní ìdájí, wọ́n á ti wà lórí àga, wọ́n á ti ṣàdúrà tàbí kírun tán, ilé á dákẹ́, kò ní sí àlejò. Àkókò yẹn ni kí ẹ jí lọ bá wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò ní sọ níwájú àwọn ọmọdé, ìgbà yẹn ni wọ́n ń sọ ọ́: orúnkún tó ń dun ìyá, ayálégbé tí kò sanwó, ibi tí ìwé ilẹ̀ wà. Ẹ má ṣe já wọn lẹ́nu, ẹ má sì wo fóònù.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá tètè wá, ẹ fi ìbéèrè tó ní ọjọ́ lórí ṣí i. Ní Ìbàdàn, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé, "Níbo lẹ wà lọ́jọ́ tí Ògùnpa ya?" Ọjọ́ 31 oṣù Ògọ́ọ̀sì 1980 ni òjò ńlá yẹn rọ̀, tí odò náà kún bo ilé àti ọ̀nà, tó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Àgbà tó bá wà n'Ìbàdàn nígbà náà kì í gbàgbé ibi tó dúró sí. Ẹ lè bi àwọn tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìgbà tí wọ́n ń kọ́ Cocoa House ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n parí ní 1965. Bí ìyá àgbà bá ṣì wà, ẹ ní kó ki yín. Ẹ tọrọ àyè, ẹ gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, tòun ti ibi tó ti máa ń kọsẹ̀ tó sì ń tún un kì. Àwọn ọmọ yín l'Èkó kò mọ oríkì yẹn.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún àwọn iṣẹ́ wẹ́wẹ́. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára páálí oògùn wọn, kí ẹ kó èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá dànù. Ẹ pààrọ̀ gílóòbù tó ti jó. Ẹ fi fọ́tò sára orúkọ àwọn tí wọ́n máa ń pè nínú fóònù, kí wọ́n lè fi ojú mọ̀ wọ́n. Ẹ sì tún un sọ fún wọn pé báǹkì kì í pe ènìyàn béèrè nọ́ńbà àṣírí. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ ní kí wọ́n tún un sọ fún yín bí ẹni tó ń kọ́ni.

7. Ọ̀sán Sátidé: ti ọ̀rẹ́ ni

Láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún un, ẹ má pín in. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní ìdílé, ẹ kọ́kọ́ lọ sílé rẹ̀, ẹ kí ìyàwó tàbí ọkọ, ẹ fún àwọn ọmọ ní nǹkan, ẹ jókòó díẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin méjèèjì jáde. Ẹlẹ́jì lọ̀rẹ́ gbà, ọ̀rẹ́ ò gbẹlẹ́ta. Ẹ má ṣe pe ẹlòmíì nínú àwọn ọmọ kíláàsì yín láti wá dara pọ̀, bó ti wù kó ṣàárò yín tó. Bí ẹnì kẹta bá ti jókòó, ẹ̀fẹ̀ ilé ìwé ló máa gba gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ kò sì ní mọ bí ara ọ̀rẹ́ yín ṣe rí gan-an.

Ibi oúnjẹ kò le n'Ìbàdàn. Bódìjà kún fún ilé àmàlà. Ẹ dé ibẹ̀ kí aago méjìlá tó lù, kí ẹ tó bá ìlà gígùn pàdé. Ẹ jẹ àbùlà pẹ̀lú ògúnfe. Ariwo pọ̀ níbẹ̀ ju ohun tó yẹ fún ọ̀rọ̀ lọ, nítorí náà ẹ jẹun tán, kí ẹ kúrò. Bó bá jẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn lẹ ti mọra, ẹ lọ rìn nínú ọgbà náà. 1948 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn igi tó ti dàgbà wà níbẹ̀ tó ń ṣíji bo ojú ọ̀nà. Ọgbà Àgòdì dára fún ẹni tó fẹ́ jókòó sórí koríko. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì ṣì le, kó gun Òkè Àárẹ lọ sí Layípo, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936. Láti orí rẹ̀ ni ẹ ó ti rí Gbọ̀ngàn Mápó àti àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà, tí wọ́n lọ jìnnà réré. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu, ẹ jọ máa wá òrùlé ilé yín níbẹ̀.

Owó máa ń da ọ̀rẹ́ àtijọ́ láàmú, nítorí náà ẹ ti rò ó tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè, ẹ fi ránṣẹ́ sí i kí ẹ tó kúrò l'Èkó, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kékeré. Ẹ má ṣe jẹ́ kó di ohun tẹ́ ẹ jọ gbé sórí tábìlì. Bó bá jẹ́ òun ló jẹ yín, ẹ gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ yẹn, àní bí ẹ bá tilẹ̀ nílò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ lówó lọ́wọ́ jù, ẹ dìde lọ sanwó fún olóúnjẹ nígbà tó ń fọwọ́. Bó bá sì jẹ́ òun ló lówó lọ́wọ́ jù, ẹ jẹ́ kó sanwó láìjà. Bó bá tọrọ ìrànwọ́, ẹ fún un ní ohun tẹ́ ẹ ti dì fún irú rẹ̀ nínú àpòòwé, kí ẹ má sì ṣèlérí iṣẹ́ tí kò sí lọ́wọ́ yín. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ti ba ọ̀rẹ́ jẹ́ ju gbèsè lọ.

Ẹ má ṣe fi "Iṣẹ́ kí lò ń ṣe báyìí?" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kò sí bí kò ṣe ní yọjú fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó ń jẹ, ibi tó ń gbà lọ síbi iṣẹ́, ẹni tó ṣì ń rí nínú àwọn ará àtijọ́. Bí ìjà kan bá wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ kò parí, ẹni tó bá dàgbà jù kó sọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kó sì sọ ẹ̀bi tirẹ̀ nínú rẹ̀. Àtúnṣàlàyé ẹni tó jẹ̀bi jù kò sí nínú ètò ọ̀sán yìí.

Ẹ béèrè kí ẹ tó gbé fọ́tò rẹ̀ sí Facebook. Ẹ padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ìyá yín kò ní jẹun alẹ́ títí ẹ ó fi dé.

8. Sọ́ńdè

Ẹ bá wọn lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí àsàlátù bó bá jẹ́ ilé Mùsùlùmí. Ẹ fi wákàtí kan kún àkókò ìsìn, nítorí bàbá máa mú yín kiri láti kí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wákàtí yẹn ni ẹ̀bùn yín tó dùn mọ́ ọn jù, ẹ má wo aago lójú rẹ̀.

Ẹni tó bá ń lọ bọ́ọ̀sì, kó ti wà ní gáréèjì ní aago méjì ọ̀sán. Ẹni tó bá ń wọ rélùwéè, kó kúrò nílé ní wákàtí méjì ààbọ̀ ṣáájú bó bá jẹ́ àárín ìlú ló wà, torí Mọ́níyà jìnnà.

Wọ́n á di ẹrù fún yín. Ẹ má ṣe kọ̀ ọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra ohun ọbẹ̀ fúnra yín, ẹ jẹ́ kí ìyá bá yín lọ Ọjà Bódìjà kí ẹ tó lọ bá ọ̀rẹ́ ní Sátidé, òun ni kó ná èlùbọ́ náà. Ẹ̀yin ẹ dákẹ́, nítorí bí ẹ bá ti la ẹnu tí ohùn Èkó jáde, iye tí wọ́n ń dá á á yí padà. Ọ̀rá méjì ni kí ẹ fi di èlùbọ́. Ìrù, inú ike tó ní ìdérí tó le ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ sì tún fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mejì, torí fèrèsé rélùwéè kì í ṣí, ẹ̀rọ amúlétutù á sì pín òórùn rẹ̀ dọ́gba fún gbogbo èrò.

Bí ẹ bá dé Èkó, ẹ pe àwọn òbí kí ẹ tó bọ́ bàtà, kí wọ́n lè lọ sùn. Ẹ fi fọ́tò tẹ́ ẹ yà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má dúró di Mọ́ńdè. Ẹ kó ìrù sínú fíríìsà. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá kọ́kọ́ mú, ẹ sá èlùbọ́ náà, ẹ kù ú, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù dáadáa kí ẹ tó dé e mọ́nú ike, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kòkòrò á ti wọ̀ ọ́ kí oṣù tó parí.